Jíjìnnà àti àkókò ìrìnàjò láàárín pápákọ̀ òfurufú méjì: báwo la ṣe lè ṣírò rẹ̀ fúnra wa?

Olùkọ́_Ìṣirò, Ìjẹ̀bú-Òde

Mo kí gbogbo ilé o. Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá ní ilé ẹ̀kọ́ girama, a sì ti dé orí látítíúdì (bí ibì kan ṣe wà ní àríwá tàbí gúúsù sí) àti lóńgítíúdì (bó ṣe wà ní ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn sí), èyí tó máa ń jáde nínú ìdánwò WAEC. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ náà fi pápákọ̀ òfurufú tí wọ́n ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí ṣe iṣẹ́ yìí, dípò "ìlú A" àti "ìlú B" inú ìwé, ni mo bá yan pápákọ̀ Murtala Muhammed ní Èkó àti Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé iye tí à ń rí kò dọ́gba. Ojúlé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní kìlómítà 4,967, òmíràn ní 4,990, òmíràn tún ní 5,004. Nígbà tí a sì lo òdiwọ̀n inú ìwé wa, 5,029 ló jáde. Ní ti àkókò, ibì kan sọ pé wákàtí márùn-ún ààbọ̀, ibòmíràn sọ pé ó lé ní mẹ́fà ààbọ̀. Kí ni kí n kọ sójú pátákó? Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n là á yé mi láti ìpìlẹ̀, nítorí àwọn ọmọ yìí máa bi mí ní ìdí rẹ̀.

Atọ́nà_Bàálù

Ẹ kú iṣẹ́ o, Olùkọ́. Mo ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ẹ̀ka tó ń ṣètò ọ̀nà tí bàálù máa gbà àti ìwọ̀n epo tó máa gbé, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n gbà á sọ. Mo lè sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan iye tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn ti wá.

Ohun tí a kọ́kọ́ ń wá ni igun tó wà láàárín pápákọ̀ méjèèjì, tí a bá wò wọ́n láti àárín gbùngbùn inú ayé. Pápákọ̀ Murtala Muhammed wà ní dìgíríì 6.577 ní àríwá àti 3.321 ní ìlà-oòrùn. Heathrow wà ní 51.471 ní àríwá àti 0.462 ní ìwọ̀-oòrùn. Nítorí pé ọ̀kan wà ní ìlà-oòrùn tí èkejì wà ní ìwọ̀-oòrùn, ṣe la máa ro lóńgítíúdì méjèèjì pọ̀, ó sì di 3.783. Ẹ tẹnu mọ́ èyí fún àwọn ọmọ náà dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti máa ń yọ ohun tó yẹ kí wọ́n rò, tí gbogbo iṣẹ́ ìsàlẹ̀ á sì bàjẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi sáìnì látítíúdì kìíní ṣe ìlọ́po sáìnì látítíúdì kejì: 0.11454 × 0.78229 = 0.08960. Ẹ tún fi kósáìnì látítíúdì kìíní ṣe ìlọ́po kósáìnì látítíúdì kejì, kí ẹ sì fi kósáìnì 3.783 náà ṣe ìlọ́po wọn: 0.99342 × 0.62292 × 0.99782 = 0.61747. Ẹ ro méjèèjì pọ̀, 0.70707 ni. Ẹ wá béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ ìṣirò pé igun wo ni kósáìnì rẹ̀ jẹ́ 0.70707, ó máa sọ fún yín pé dìgíríì 45 ni, ìyókù kò tó nǹkan.

Ẹ kò lè rí àpẹẹrẹ tó dára ju èyí tí ẹ yàn yìí lọ, Olùkọ́, nítorí dìgíríì 45 jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́jọ gbogbo àyíká ayé. Láàárín ọdún 1791 sí 1799 tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Faransé ń ṣe òdiwọ̀n mítà, ohun tí wọ́n pinnu ni pé kí ọ̀nà láti ìpẹ̀kun àríwá ayé dé agbedeméjì ayé jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́wàá mítà, ìyẹn kìlómítà 10,000 fún dìgíríì 90. Ìdajì rẹ̀ ni ìrìnàjò Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù, kìlómítà 5,000. Ọmọ tó bá mọ èyí lè yẹ ìdáhùn ara rẹ̀ wò kó tó gbé ìwé sílẹ̀.

Ní báyìí, ẹ wo ibi tí ìyàtọ̀ ti wọlé. Ẹni tó lo kìlómítà 6,371 gẹ́gẹ́ bí rédíọ́ọ̀sì ayé, ìyẹn láti àárín ayé dé ojú ilẹ̀, máa rí 5,004. Ìwé tiyín lo 6,400 àti 22/7, torí kí ìṣirò lè rọrùn lọ́wọ́, òun ló sì fa 5,029: 45/360 × 2 × 22/7 × 6,400. Ojúlé tó sọ 4,990 gbé e yẹ̀ wò pé ayé kò rí róbótó délẹ̀. Láti àárín ayé dé agbedeméjì rẹ̀ jẹ́ 6,378, ṣùgbọ́n láti àárín ayé dé ìpẹ̀kun àríwá jẹ́ 6,357 péré, bẹ́ẹ̀ sì ni ìlà láti Èkó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gúúsù sí àríwá gbọnrangandan. Òun ló sún mọ́ òótọ́ jù. Ní ti 4,967, Gatwick ni ojúlé yẹn wọ̀n dípò Heathrow. Lọ́ńdọ̀nù ní ju pápákọ̀ kan lọ, ìhà gúúsù ìlú ni Gatwick wà, ó sì fi nǹkan bíi kìlómítà 37 sún mọ́ wa ju Heathrow lọ. Air Peace tó bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti Èkó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹta ọdún 2024, Gatwick ló kọ́kọ́ ń bà sí. Kí ẹnikẹ́ni tó fi orúkọ ìlú wá nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó lo àmì lẹ́tà mẹ́ta tí pápákọ̀ kọ̀ọ̀kan ní: LOS fún Èkó, LHR fún Heathrow, LGW fún Gatwick. London kan tún wà ní Kánádà tó ní pápákọ̀ tirẹ̀, YXU sì ni àmì tirẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_Jíọ́gíráfì

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ìbéèrè kan ni mo ní. Nílé ẹ̀kọ́, wọ́n kọ́ wa láti wá jíjìnnà lójú ìlà látítíúdì bí ìlú méjì bá wà lórí ìlà kan náà: a máa fi kósáìnì látítíúdì náà ṣe ìlọ́po rédíọ́ọ̀sì ayé, a ó sì lo ìyàtọ̀ lóńgítíúdì. Ṣé ọ̀nà tí bàálù ń gbà nìyẹn?

Atọ́nà_Bàálù

Rárá o, àbúrò. Ìdáhùn tí ẹ máa rí tọ̀nà fún ìbéèrè tí WAEC bi yín, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó kúrú jù kọ́ nìyẹn, àfi bí ìlú méjèèjì bá wà lórí agbedeméjì ayé gan-an. Ẹ mú New York àti Madrid, tí àwọn méjèèjì wà ní bíi dìgíríì 40 ààbọ̀ ní àríwá. Bí a bá tọ ìlà látítíúdì lọ tààrà sí ìlà-oòrùn, nǹkan bíi kìlómítà 5,930 ni. Bí a bá lo òfin tí mo kọ sókè, 5,760 ló máa jáde. Kìlómítà 170 ló wà láàárín wọn, ó sì ń gba bàálù ńlá ní ohun tó ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ pẹ̀lú epo rẹ̀.

Àwòrán ayé tó tẹ́ pẹrẹsẹ lójú ògiri kíláàsì ló ń tan ojú wa. Bí ẹ bá bó èèpo ọsàn tí ẹ fẹ́ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sórí tábìlì, ó di dandan kó ya níbì kan tàbí kó fẹ̀ níbòmíràn, bẹ́ẹ̀ náà ni àwòrán yẹn ṣe ń na ìhà àríwá ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ilé ẹ̀kọ́ yín bá ní àwòrán ayé tó rí róbótó bíi bọ́ọ̀lù, ẹ fa okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan le láti New York dé Madrid lórí rẹ̀. Ẹ ó rí i pé okùn náà máa yọrí sókè sí ìhà àríwá kó tó sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀nà tó kúrú jù nìyẹn.

Kọ̀ǹpútà_Ọ̀yọ́

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un fún Olùkọ́, nípa ìrìnàjò tí kò jìnnà. Bí àwọn ọmọ bá lo òfin kan náà fún Èkó sí Àbújá, kósáìnì tí wọ́n máa rí jẹ́ 0.99678, igun rẹ̀ jẹ́ 4.60, jíjìnnà rẹ̀ sì jẹ́ kìlómítà 512. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá gé kósáìnì yẹn kù sí 0.997, ìdáhùn rẹ̀ máa bọ́ sí 494. Kìlómítà 18 ti sọnù nítorí fígọ̀ méjì péré tó gé dànù. Bí igun bá ti kéré, kósáìnì rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ 1 pẹ́kípẹ́kí, ìyàtọ̀ tín-ńtín nínú rẹ̀ sì máa ń di ńlá. Ìdí nìyí tí àwa tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fi máa ń lo òfin mìíràn tí wọ́n ń pè ní haversine.

Fún kíláàsì yín, ọ̀nà tó rọrùn wà. Fún ìlú tí wọn kò jìnnà síra, tí wọ́n sì wà nítòsí agbedeméjì ayé bíi tiwa, Pythagoras tó o. Láti Èkó sí Àbújá, ìyàtọ̀ látítíúdì jẹ́ 2.43, ẹ fi 111.2, ìyẹn iye kìlómítà tó wà nínú dìgíríì kan, ṣe ìlọ́po rẹ̀, kìlómítà 270 ni sí ìhà àríwá. Ìyàtọ̀ lóńgítíúdì jẹ́ 3.942, ẹ fi 111.2 àti kósáìnì 7.8, ìyẹn látítíúdì ìdajì ọ̀nà láàárín ìlú méjèèjì, ṣe ìlọ́po rẹ̀, 434 ni sí ìhà ìlà-oòrùn. Ẹ fi 270 àti 434 ṣe ẹ̀gbẹ́ méjì igun mẹ́ta, ìkẹta rẹ̀ á sún mọ́ 511.

Olùkọ́_Ìṣirò, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin méjèèjì, èyí yé mi yékéyéké. Ó ku ti àkókò. Mo gbọ́ pé bàálù Boeing 777 máa ń sá kìlómítà 900 ní wákàtí kan. Bí mo bá fi 900 pín 5,000, wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú 33 ni. Kí ló dé tí kò sí tíkẹ́ẹ̀tì kankan tó sọ bẹ́ẹ̀?

Atọ́nà_Bàálù

Nítorí pé 900 yẹn jẹ́ eré tó ń sá nígbà tó ti dé òkè tán, tó sì ti dọ́gba. Kó tó débẹ̀, ó ti lo nǹkan bí ìdajì wákàtí láti gun òkè, eré rẹ̀ kò sì tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Bó bá sì ku díẹ̀ kó dé, ó tún máa ń dín eré kù bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ohun kejì ni pé tíkẹ́ẹ̀tì kì í ka àkókò tí bàálù wà lófurufú nìkan. Ìgbà tó kúrò ní ibi tó dúró sí ní Èkó ni kíkà ti bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó bá sì dúró sí àyè rẹ̀ ní Heathrow ló parí. Gbogbo rírìn lórí ilẹ̀ lọ sí ibi tó ti máa gbéra, títò sẹ́yìn àwọn bàálù mìíràn, àti rírìn lórí ilẹ̀ lẹ́yìn tó bà, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú kíkà náà.

Ìlànà tí mo máa ń fún ẹni tí kò ní ìwé iṣẹ́ wa lọ́wọ́ ni pé kó fi 850 pín jíjìnnà náà, kó sì fi ìdajì wákàtí kún un. Láti Èkó sí Heathrow, 5,000 tí a fi 850 pín jẹ́ wákàtí 5.88. Ẹ kíyè sí i pé 5.88 kì í ṣe wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú 88. Ẹ fi 60 ṣe ìlọ́po 0.88, ìṣẹ́jú 53 ni. Bí a bá fi ìdajì wákàtí kún un, ó di wákàtí mẹ́fà àti ìṣẹ́jú 23. Láti Èkó sí Àbújá, ìlànà kan náà fún wa ní wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́fà, ẹni tó bá ti wọ bàálù náà rí á mọ̀ pé ó sún mọ́ ọn.

Iye tí iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ń tẹ̀ sórí tíkẹ́ẹ̀tì máa ń lé díẹ̀ sí i, nítorí wọ́n ń fi àyè sílẹ̀ fún ìdádúró. Ní Heathrow pàápàá, bí bàálù bá pọ̀ lójú ọ̀run, wọ́n ní ibi mẹ́rin tí wọ́n máa ń ní kí àwọn bàálù ti máa yípo, ọ̀kan lókè èkejì, títí àyè á fi yọ fún wọn láti bà: Bovingdon, Lambourne, Biggin àti Ockham. Ìyípo yẹn kò fi ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan kún jíjìnnà Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n ó ń jẹ ìṣẹ́jú.

Ohun kan tún kù tí àwọn ọmọ lè fẹ́ mọ̀. Awakọ̀ òfurufú kì í sábà sọ kìlómítà, máìlì òkun ló máa ń sọ, ó sì ní ìdí: dìgíríì kan jẹ́ máìlì òkun 60. Èyí túmọ̀ sí pé igun 45 tí ẹ rí yẹn di 2,700 láìsí wàhálà rédíọ́ọ̀sì. Láti ọdún 1929 ni wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan pé kí máìlì òkun kan jẹ́ kìlómítà 1.852.

Ọmọ_Èkó_ní_Peckham

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbàgbé aago o. Àwa tí à ń lọ tí à ń bọ̀ mọ̀ pé ibẹ̀ ni àwọn èèyàn wa ti máa ń ṣi ìṣirò ṣe jù, tí ẹni tó fẹ́ wá gbé àlejò ní pápákọ̀ á sì ti dé kí bàálù tó bà. Aago ibi tí bàálù bá wà ni tíkẹ́ẹ̀tì máa ń kọ: aago Èkó fún ìgbéra, aago Lọ́ńdọ̀nù fún ìgúnlẹ̀. Nàìjíríà kì í yí aago padà, ṣùgbọ́n Lọ́ńdọ̀nù níbí ń yí i lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹta àti ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá. Nígbà ooru, aago wa àti tiyín dọ́gba. Nígbà òtútù, ẹ fi wákàtí kan ṣíwájú wa.

Ká ní bàálù gbéra ní Èkó ní aago mẹ́wàá àárọ̀ nínú oṣù kìíní, tí tíkẹ́ẹ̀tì sì sọ pé ó máa dé ní aago mẹ́ta kọjá ogójì ìṣẹ́jú ọ̀sán. Ẹni tó bá yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì máa sọ pé wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú 40 ni. Kó tó yọ ọ́, ó yẹ kó kọ́kọ́ sọ aago méjèèjì di aago ibì kan náà: aago mẹ́ta kọjá ogójì níbí jẹ́ aago mẹ́rin kọjá ogójì ní Èkó. Nítorí náà, wákàtí mẹ́fà àti ìṣẹ́jú 40 ni. Nínú oṣù keje, tíkẹ́ẹ̀tì ìrìnàjò kan náà máa kọ aago mẹ́rin kọjá ogójì fúnra rẹ̀.

Ìbéèrè tèmi ni pé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní New York sọ pé lílọ láti Èkó máa ń pẹ́ ju bíbọ̀ lọ dáadáa, ṣùgbọ́n èmi kì í fi bẹ́ẹ̀ rí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Kí ló fà á?

Atọ́nà_Bàálù

Atẹ́gùn ni, ẹ̀gbọ́n yín sì sọ òótọ́. Níbi gíga tí bàálù ń fò, atẹ́gùn tó lágbára wà tó ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn ní ìhà àríwá ayé, ó sì máa ń le jù nígbà òtútù wọn. Ẹni tó ń ti Èkó lọ sí New York ń dojú kọ ọ́ ní apá kan ọ̀nà náà, ẹni tó ń bọ̀ wálé sì ní atẹ́gùn náà lẹ́yìn. Ọ̀nà yẹn jẹ́ bíi kìlómítà 8,440. Ká ní atẹ́gùn náà mú 50 kúrò nínú 850 tí mo ń lò, tó bá wà lójú, tàbí tó fi 50 kún un, tó bá wà lẹ́yìn. Lílọ á gba wákàtí mẹ́wàá àti ìṣẹ́jú 33 lófurufú, bíbọ̀ á gba mẹ́sàn-án àti ìṣẹ́jú 23. Wákàtí kan ó lé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló yà wọ́n. Ti Lọ́ńdọ̀nù yàtọ̀ nítorí pé gúúsù sí àríwá lẹ̀ ń lọ. Ẹ̀gbẹ́ ni atẹ́gùn náà ti ń kọlu bàálù yín, yálà ẹ ń lọ tàbí ẹ ń bọ̀.

Ọmọ_Alhaja, Ìlọrin

Ẹ kú ìjíròrò o. Màmá mi fẹ́ lọ sí Hájì lọ́dún yìí, láti Ìlọrin níbí ni wọ́n sì ti máa gbéra lọ sí Jeddah. Àbúrò wa tó ń gbé níbẹ̀ fẹ́ mọ ìgbà tí wọ́n máa dé. Mo tẹ̀ lé ìlànà yín, mo rí kìlómítà tí kò ju bíi 4,000 lọ, àti wákàtí márùn-ún ó lé díẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti lọ ní àìpẹ́ yìí sọ fún wa pé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Atọ́nà_Bàálù

Ọlọ́run á jẹ́ kí Alhaja lọ ire, kí wọ́n bọ̀ ire. Ìṣirò yín péye: 3,990 ni mo rí, tí a bá sì fi 850 pín in tí a fi ìdajì wákàtí kún un, wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú 12 ni. Ìdí tó fi ju bẹ́ẹ̀ lọ ni pé ìlà tó kúrú jù láti Ìlọrin sí Jeddah gba orí Chad àti Sudan kọjá. Láti oṣù kẹrin ọdún 2023 tí ogun ti bẹ̀rẹ̀ ní Sudan ni wọ́n ti ti ojú òfurufú ibẹ̀ pa mọ́ àwọn bàálù tó ń kó èrò kọjá. Ní Hájì ọdún náà, àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tó ń kó àwọn arìnrìnàjò wa sọ pé ọ̀nà ti gùn mọ́ àwọn lọ́wọ́, wọ́n sì béèrè àfikún owó. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù náà ní ọdún kan náà: lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun gbàjọba ní Niger, wọ́n ti ojú òfurufú wọn ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ, wọn kò sì ṣí i títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Àwọn bàálù tó máa ń ti Èkó gba orí Niger àti Àlùjéríà kọjá ní láti yà bàrá.

Nítorí náà, ẹ gbé wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú 12 yẹn gẹ́gẹ́ bí èyí tó kéré jù tó lè gbà. Ó dára kí ẹ mú wákàtí mẹ́fà sí méje fún ètò yín níwọ̀n ìgbà tí Sudan bá ṣì wà ní títì. Aago Sáúdí fi wákàtí méjì ṣíwájú tiwa, wọn kì í sì í yí i padà. Bí Alhaja bá gbéra ní aago mẹ́jọ àárọ̀, tí ìrìnàjò náà sì gba wákàtí méje, aago mẹ́ta ọ̀sán ni níbí, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni lọ́dọ̀ àbúrò yín. Ẹ má ka aago tí wọ́n kọ sórí ìwé ìrìnàjò o, nítorí bàálù Hájì kì í sábà gbéra lákòókò. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá sin Alhaja lọ sí pápákọ̀ fóònù nígbà tí bàálù bá gbéra gan-an, kí àbúrò yín sì bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ìgbà náà.

Ọmọ_Alhaja, Ìlọrin

Àmín o. Ẹ ṣé púpọ̀, Bàbá. Màá fi ránṣẹ́ sí i ní Jeddah báyìí.